Kọ́kọ́rọ́ Tí Ẹnì Kan Ò Gbọdọ̀ Dá Mú

Ní ọjọ́ 16, oṣù kẹfà, ọdún 2010, ní Culpeper, ìpínlẹ̀ Virginia ní Amẹ́ríkà, ni wọ́n ti ṣe kọ́kọ́rọ́ àkọ́kọ́ tí wọ́n fi fọwọ́ sí ìwé orúkọ íntánẹ́ẹ̀tì, kí ẹnikẹ́ni má baà fi ojúlé ayédèrú lu aráyé ní jìbìtì. Alain Aina, ọmọ orílẹ̀-èdè Benin tó múlé gbe Nàìjíríà, wà lára àwọn méje tí wọ́n yàn sídìí rẹ̀ níbẹ̀. Kò sí èyí tó lè dá a lò nínú wọn: ó di dandan kí mẹ́ta péjọ.

Ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù tó bá fi àgádágodo mẹ́ta ti àpótí owó mọ irú ọgbọ́n yìí. Àmọ́ bí akápò bá rìnrìn àjò, àpótí ò ní ṣí. Ibẹ̀ ni onímọ̀ ìṣirò kan, Adi Shamir, ti tún un ṣe lọ́dún 1979: kò di dandan kí gbogbo wọn péjọ mọ́.

Ká ní 7 ni àṣírí. Ẹni tó fẹ́ pín in mú 3, kò sọ fẹ́nikẹ́ni, ó sì ń fi í kún 7 léraléra: kọ̀ǹpútà kìíní gba 10, ìkejì gba 13, ìkẹta gba 16. Èyí tó mú 16 nìkan lè ṣírò títí ilẹ̀ á fi ṣú, kò ní mọ àṣírí náà. Ṣùgbọ́n bí 10 àti 13 bá pàdé, wọ́n á rí i pé 3 ló wà láàárín wọn. Wọ́n á yọ 3 kúrò nínú 10, 7 á sì yọjú. Lójú iṣẹ́, iye tí wọ́n ń lò gùn ju báyìí lọ fíìfíì.

Ilé ìwòsàn kan ní Irolu, ìpínlẹ̀ Ògùn, lè ṣe é lórí nẹ́tíwọ̀ọ̀kì abẹ́lé tirẹ̀: sáfà kan, kọ̀ǹpútà kékeré márùn-ún, kí mẹ́ta tó láti ṣí fáìlì àwọn aláìsàn. Kí kọ̀ǹpútà kọ̀ọ̀kan ní àdírẹ́sì tí kì í yí padà àti ìwé ẹ̀rí tirẹ̀ tí àwọn yòókù á fi dá a mọ̀. Kí aago gbogbo wọn bára mu, torí èyí tí aago rẹ̀ bá ṣìnà lè kọ ìwé ẹ̀rí ẹlòmíràn pé ọjọ́ rẹ̀ ti kọjá. Sáfà ò gbọdọ̀ ní ìpín kankan lọ́wọ́. Iṣẹ́ tirẹ̀ ni kó máa pè wọ́n jọ.

Ohun tó sábà ń ba irú ètò yìí jẹ́ kì í ṣe ìṣirò. Bí márààrún bá wà nínú yàrá kan, tí wọ́n ń mu iná jẹnẹrétọ̀ kan, tí onímọ̀ ẹ̀rọ kan ṣoṣo sì mọ páásìwọ́ọ̀dù gbogbo wọn, ẹyọ kan náà ni wọ́n. Àwọn tó ń tọ́jú kọ́kọ́rọ́ íntánẹ́ẹ̀tì pàápàá rí i he. Ní oṣù kejì ọdún 2020, sééfù kọ̀ láti ṣí ní El Segundo, ìpínlẹ̀ California, ibi kejì tí wọ́n ń tọ́jú rẹ̀ sí. Ètò wọn sún síwájú. Kò pẹ́ ni Kòrónà dé, àwọn amúkọ́kọ́rọ́ ò lè wọkọ̀ òfuurufú mọ́. Àwọn kan nínú wọn fi kọ́kọ́rọ́ àpótí tí wọ́n ní nínú sééfù ránṣẹ́, wọ́n sì ń wòran láti ilé nígbà tí àwọn òṣìṣẹ́ ibẹ̀ fọwọ́ sí iṣẹ́ oṣù mẹ́sàn-án lẹ́ẹ̀kan náà ní oṣù kẹrin.

Kí ẹni tó bá to kọ̀ǹpútà márùn-ún rẹ̀ tán pa méjì lọ́sàn-án gangan, kó wò ó bóyá fáìlì á ṣí. Kó wá pa ẹ̀kẹta. Bó bá ṣì ń ṣí, kó tú u palẹ̀ kó tún un tò.