Kí A Tó Gbẹ́ Adágún: Ẹ̀kọ́ Tí Mo Kọ́ Nínú Àgbàlá Ilé-Ifẹ̀

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ilé ni à ń wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ. Nígbà tí èmi àti ọkọ mi fẹ́ kọ́ ilé tiwa sí Ìbàdàn, a kò wo ilé kankan. Àwòrán orí fóònù ni a wò: adágún ìlúwẹ̀ẹ́ tí omi rẹ̀ mọ́ gaara, táìlì funfun tí ń dán yí i ká, ilẹ̀kùn gíláàsì tó ṣí láti pálọ̀ sí etí omi. Kò sí ìloro, kò sí ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ayàwòrán ilé ya ohun tí a ní kó yà. Mo tẹ́ ìwé náà síwájú ìyá mi, tí wọn yóò wá máa bá wa gbé. Wọ́n wò ó títí, wọ́n sì bi mí ní ìbéèrè kan ṣoṣo: "Níbo ni èmi yóò máa jókòó?"

Mo rẹ́rìn-ín. Mo ní pálọ̀ tóbi, ẹ̀rọ amúlétutù sì wà níbẹ̀. Wọn kò fèsì.

Oṣù méjì lẹ́yìn náà, gbogbo ẹbí wa lọ lo ìsinmi Àjíǹde ní ilé ìtura kan tó ní adágún. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi, ọmọ ọdún mẹ́rin, sáré lórí táìlì tí omi ti dà sí. Ẹsẹ̀ rẹ̀ yọ̀, ó sì já sínú omi. Gbogbo àwa òbí wà nínú ilé, a ti ilẹ̀kùn nítorí ooru. Ìyá mi nìkan ni wọ́n wà níta, lórí àga oníke lábẹ́ etí òrùlé, nítorí pé òtútù ẹ̀rọ amúlétutù máa ń mú kí eegun ro wọ́n. Igbe wọn ni a gbọ́ tí a fi sáré jáde. A yọ ọmọ náà láàyè. Ó húkọ́, ó sì bú sẹ́kún. Ní òru ọjọ́ náà, oorun kò kùn mí. Mo rántí pé nínú àwòrán ilé tí mo ti san owó rẹ̀, kò sí ibi kankan tí a lè gbé irú àga bẹ́ẹ̀ sí.

Nígbà tí mo sọ ọ́ fún ìyá mi, wọ́n ní, "Mú mi lọ sí Ifẹ̀. Wá wo ilé tí wọ́n bí mi sí."

A gba ọ̀nà Àṣejìrè, a ra dòdò Ìkirè lẹ́bàá títì, a sì wọ Ilé-Ifẹ̀ kí oòrùn tó kan àtàrí. Agbo ilé bàbá wọn ti yí padà. Páànù ti rọ́pò òrùlé àtijọ́, bíríkì sì ti gba ipò amọ̀ níbi púpọ̀. Ṣùgbọ́n àgbàlá kan ṣì kù tó rí bí wọ́n ṣe ń kọ́ ọ tẹ́lẹ̀. Àwọn yàrá yí i ká, ọ̀dẹ̀dẹ̀ wà níwájú wọn, etí òrùlé sì yọ síta bo ọ̀dẹ̀dẹ̀ náà. Àárín nìkan ni ojú ọ̀run ti ń yọjú. Níbẹ̀ ni òjò ti máa ń ṣàn láti orí òrùlé sínú ìkòkò tí wọ́n gbé kalẹ̀ dè é, ìyókù a sì gba ojú àgbàrá jáde.

Ìyá mi jókòó sórí pèpéle kan, wọ́n sì ní kí n jókòó ti àwọn. "Kí ni o rí?" Mo wò yíká. Mo rí ẹnu ọ̀nà ìta. Mo rí ìdí ààrò. Mo rí ẹnu kànga. "Ìyá ìyá mi ló máa ń jókòó síbí," ni wọ́n wí. "Wọ́n á máa ṣa ẹ̀fọ́, wọ́n á máa bá ènìyàn sọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n kò sí ọmọ tó lè dé ìdí kànga tí wọn kò ní pe orúkọ rẹ̀." Ìgbà náà ni mo lóye pé àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́, ṣùgbọ́n ẹni tó kọ́ ọjà náà gbọ́dọ̀ ti wá ibi tí àgbà yóò jókòó sí.

Ní ọjọ́ kejì, a lọ sí Ìta Yemòó. Ibẹ̀ ni àwọn tí ń gbẹ́lẹ̀ fún ìkọ́lé ti ṣe alábàápàdé àwọn ère idẹ ní ọdún 1957, tí Frank Willett sì wá walẹ̀ fún ìwádìí. Èmi kò wá nítorí ère. Ilẹ̀ ni mo wá wò. Àpáàdì ni àwọn ará Ifẹ̀ àtijọ́ fi tẹ́ àgbàlá wọn. Wọn kò tẹ́ ẹ gbalaja. Òòró ni wọ́n tò ó, etí rẹ̀ kọjú sókè, ọ̀kan fara ti èkejì bí ìwé tí a tò sínú àpótí. Ní àwọn ibòmíràn nílùú náà, wọ́n tò ó bí eegun ẹja, wọ́n sì fi òkúta wẹ́wẹ́ funfun ṣe ọ̀ṣọ́ sí i láàárín. Iṣẹ́ náà ti lé ní 600 ọdún. Ìtàn Ifẹ̀ so ó mọ́ Lúwo, obìnrin tó jẹ Ọọ̀ni, tí wọ́n ní kò fẹ́ kí ẹrẹ̀ kan ẹsẹ̀ òun.

Ọgbọ́n wà níbẹ̀. Àpáàdì tí a bá tẹ́ gbalaja, ẹsẹ̀ ni yóò fọ́ ọ. Èyí tí a tò ní òòró lè gbé ẹrù. Ojú rẹ̀ kì í dán, nítorí náà ẹsẹ̀ kì í yọ̀ lórí rẹ̀. Mo rántí táìlì funfun inú àwòrán wa, ojú sì tì mí.

Kí a tó kúrò nílùú, a yà sí Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ University. Arieh Sharon, ayàwòrán ilé ọmọ Ísírẹ́lì, ló ṣe ètò ọgbà náà láti ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1960. Ní ilé ẹ̀ka Humanities, àjà òkè yọ síta ju ti ìsàlẹ̀ lọ, kí ó lè ṣíji bò ó lọ́wọ́ oòrùn àti òjò. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ jókòó sábẹ́ rẹ̀, wọ́n ń kàwé nínú atẹ́gùn, láìsí ẹ̀rọ amúlétutù. Ìyá mi mi orí. "Ọ̀dẹ̀dẹ̀ náà ni," ni wọ́n wí.

Nígbà tí a padà dé Ìbàdàn, a ní kí ayàwòrán ilé tún un bẹ̀rẹ̀. Ní àkọ́kọ́, ọ̀dẹ̀dẹ̀. A fún un ní ẹsẹ̀ bàtà 8 ní fífẹ̀, nítorí pé bí ó bá kéré ju bẹ́ẹ̀ lọ, àga yóò dí ọ̀nà. A gbé e sí ìhà gúúsù, kí atẹ́gùn tí ń fẹ́ láti gúúsù ìwọ̀-oòrùn lè wọ ilé. A kò fi í sí ìwọ̀-oòrùn gan-an, níbi tí oòrùn ìrọ̀lẹ́ ti máa ń sun ògiri.

Lẹ́yìn náà ni adágún. A gbé e kúrò lẹ́nu ilẹ̀kùn pálọ̀, a fi í síwájú ọ̀dẹ̀dẹ̀ níbi tí ojú ti lè tó o. Ọgbà irin tó ga ní ẹsẹ̀ bàtà 4 yóò yí i ká. Irin rẹ̀ yóò dúró lóòró kí ọmọdé má baà rí ibi gùn, ẹnu ọ̀nà rẹ̀ yóò sì máa pa ara rẹ̀ dé. Òkúta tí ojú rẹ̀ kò dán ni a ó fi tẹ́ etí omi, ní ẹsẹ̀ bàtà 4 ó kéré tán. Ilẹ̀ náà yóò dagun díẹ̀, sẹ̀ǹtímítà 2 fún mítà kọ̀ọ̀kan, kí omi ẹlẹ́gbin lè ṣàn lọ sí gọ́tà dípò kí ó wọ adágún.

Ọkọ mi ṣì fẹ́ pèpéle onípákó lẹ́gbẹ̀ẹ́ omi. A gbà fún un, ṣùgbọ́n igi ìrókò ni, nítorí ikán. A ó gbé e sókè kúrò nílẹ̀, a ó sì fi àlàfo díẹ̀ sí àárín pákó kan àti èkejì kí atẹ́gùn lè máa gbẹ ẹ́. Ìyókù àgbàlá, a kò ní da kọnkéré sí i. Ìlú tó rí ìkún omi Ògùnpa ní ọdún 1980 mọ̀ pé omi tí ilẹ̀ kò bá rí mu, ilé ẹlòmíràn ni yóò wọ̀. Koríko ni a ó gbìn síbẹ̀.

Owó kò tó fún gbogbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. A dín adágún kù, a sì sún gbígbẹ́ rẹ̀ di ọdún tó ń bọ̀. Ọ̀dẹ̀dẹ̀ ni a kọ́kọ́ ń kọ́.

Ní Sátidé tó kọjá, a mú ìyá mi lọ síbẹ̀. Ìpìlẹ̀ nìkan ló wà. Wọ́n ní kí n gbé àga oníke kan wá láti inú ọkọ̀. Wọ́n gbé e síhìn-ín, wọ́n jókòó, wọ́n wo ibi tí omi yóò wà; wọ́n dìde, wọ́n sún un síwájú díẹ̀, wọ́n tún jókòó. Lẹ́yìn náà, wọ́n sọ fún bíríkìlà pé kí ó fi ìṣó sàmì síbẹ̀.