Apá Ni Ó Ń Kọ̀wé

Ìwọ akẹ́kọ̀ọ́ tí o ń ka ìwé yìí, gbé e kalẹ̀ ná. Fi ọwọ́ òsì di apá ọ̀tún rẹ mú nísàlẹ̀ ìgbọ̀nwọ́, ní ìhà inú, kí o máa di ìkúùkù, kí o sì máa tú u. Ìwọ yóò mọ̀ ọ́n lára pé ohun kan ń sún kiri lábẹ́ awọ. Kò sí ẹran kankan nínú ìka fúnra rẹ̀ tí ó lè ká a. Apá ni ẹran tí ń ká a ń gbé. Iṣan gígùn bí okùn ni ó ti ibẹ̀ gba ọrùn ọwọ́ kọjá, tí ó sì so mọ́ egungun ìka. Nígbà tí a bá ń yin ẹnìkan pé ìka rẹ̀ yá láti kọ̀wé, apá rẹ̀ ni ó ń ru ẹrù náà.

Ìpele méjì ni ẹran yìí. Ti òkè ń ká oríkèé àárín ìka. Ti ìsàlẹ̀ ń ká oríkèé tí ó sún mọ́ èékánná. Bí o bá ń ṣe iyèméjì, tẹ́ ọwọ́ sórí tábìlì, kí àtẹ́lẹwọ́ kọjú sókè, kí ọ̀rẹ́ rẹ tẹ àwọn ìka mọ́lẹ̀, àfi ti àárín. Ká a. Yóò ká, ṣùgbọ́n orí rẹ̀ yóò rọ jọwọlọ bí aṣọ tútù. Ẹran ti ìsàlẹ̀ ni ó so àwọn ìka pọ̀ bí màlúù inú àjàgà kan. Bí a bá dá àwọn yòókù dúró, èyí kò lè dá lọ.

Ẹran tí a bá fún le fún ìgbà pípẹ́ láìtú u sílẹ̀, ẹ̀jẹ̀ kì í ráyè kọjá nínú rẹ̀ dáadáa. Ẹ̀jẹ̀ inú iṣan kò tilẹ̀ pọ̀ tó ti inú ẹran, nítorí náà bí iṣan bá farapa, kì í tètè san. Mo máa ń rí àwọn ọmọ kan nínú gbọ̀ngàn ìdánwò tí wọ́n di bíírò mú bí ẹni tí ó di ọrùn ejò mú. Ṣé bíírò yóò bù wọ́n jẹ ni?

Ìyọnu yìí kì í ṣe tuntun. Ní ọdún 1713, Bernardino Ramazzini, oníṣègùn ará Ítálì, kọ̀wé nípa àìsàn àwọn akọ̀wé. Ó mọ ọ̀kan tí apá ọ̀tún rẹ̀ rẹ̀ ẹ́ tí kò gbọ́ ìwòsàn. Ọkùnrin náà fi ìyà kọ́ ọwọ́ òsì ní ìwé kíkọ. Kò pẹ́ tí àìsàn kan náà fi mú òsì pẹ̀lú. Ọwọ́ yí padà, ṣùgbọ́n iṣẹ́ kò yí padà.

Ẹ̀gbọ́n mi kan kọ́ṣẹ́ aránṣọ. Òun ni a fi sí ìdí aṣọ gígé, láti òwúrọ̀ títí di alẹ́. Nígbà tí ó sọ pé apá ń dun òun, ọ̀gá rẹ̀ ní ọ̀lẹ ni. Ọ̀rọ̀ yẹn dùn ún ju apá lọ, ó sì tún fi oṣù méjì gé aṣọ sí i, títí kò fi lè fún aṣọ tí ó fọ̀. Èmi kò fara mọ́ àwọn tí wọ́n ń sọ pé ìrora ni a fi ń mọ akíkanjú. Bí a bá ń sunkún, a máa ń ríran.

Oníṣègùn kò wo ìka rẹ̀ pẹ́. Apá ni ó tẹ̀, ẹ̀gbọ́n mi sì kígbe. Lẹ́yìn náà ni ó béèrè ohun tí ẹnikẹ́ni kò tíì béèrè: ṣé àlùmọ́gàjí náà mú? Kò mú. Èyí tí ó kú ni wọ́n fi ń gé aṣọ, ìka sì ń fi agbára dí àìmú irin.

Ó fi ọ̀sẹ̀ mẹ́fà sinmi, ó sì ń padà sẹ́nu iṣẹ́ díẹ̀díẹ̀. Àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ti ń rán agbádá nígbà tí òun ṣì ń ṣe ẹ̀dá ṣòkòtò ọmọdé. Wọ́n gba òmìnira ṣáájú rẹ̀ ní odidi ọdún kan. Ó ń rán aṣọ títí di òní. Àlùmọ́gàjí rẹ̀ mú bí abẹ.