Irinṣẹ́ Ni Wọ́n Ń Wá Lọ

Bí ọmọ kan bá gba ìwé ìrìnnà tó sì ré kọjá sí òkè òkun, ohun tí àwọn ará Ìkẹ́rẹ́-Èkìtì máa ń sọ ni pé owó ló lọ wá. Olùkọ́ kẹ́mísírì ni mí nílùú yìí, àwọn tí mo kọ́ tí wọ́n ti lọ kò níye. Lójú tèmi, ọ̀rọ̀ náà ju owó lọ: irinṣẹ́ ni wọ́n ń wá lọ.

Ẹ wo pẹ́ńsùlù ọwọ́ ọmọ ilé ìwé. Kábọ́ọ̀nù ni dúdú inú rẹ̀. Bí a bá dé orí ẹ̀kọ́ kábọ́ọ̀nù, mo máa ń ní kí àwọn ọmọ fi pẹ́ńsùlù kun ojú bébà títí yóò fi máa dán, kí wọ́n lẹ sẹ́lótéèpù mọ́ ọn, kí wọ́n sì ṣí i pẹ̀lẹ́. Wọ́n á tún fi téèpù mìíràn ṣí èyí tó lẹ̀ mọ́ ti àkọ́kọ́, á sì máa fẹ́lẹ́ sí i. Irú ọ̀nà yìí ni Andre Geim àti Konstantin Novoselov gbà ní Manchester, tí wọ́n fi gbé graphene jáde fáyé rí ní 2004: kábọ́ọ̀nù tí kò nípọn ju átọ́ọ̀mù kan ṣoṣo lọ. Wọ́n gba ẹ̀bùn Nobel ní 2010. Rọ́ṣíà ni wọ́n ti bí àwọn méjèèjì. Àjèjì ni wọ́n nílùú tí wọ́n ti ṣe é.

Nítorí pé graphene kò ní inú, gbogbo ara rẹ̀ ló ń kan afẹ́fẹ́. Bí èròjà kan tó kéré jọjọ bá bà lé e, iná tó ń gba ara rẹ̀ kọjá yóò yí padà, ẹni tó ń wọn iná náà yóò sì mọ̀. Irú ẹ̀rọ afura báyìí, tí wọ́n ń pè ní sẹ́ńsọ̀, ni Mahmooda Sultana, ọmọ Bangladesh tó gboyè ọ̀mọ̀wé ní MIT, ń ṣe ní ibùdó Goddard ti NASA, àjọ òfurufú Amẹ́ríkà, láti fi ṣèwádìí lójú òfurufú. Ẹrù tó bá ń lọ sọ́hùn-ún, gíráàmù kọ̀ọ̀kan ló lówó lórí. Ìdí nìyẹn tí ohun kékeré tí kì í jẹ iná púpọ̀ fi ṣe iyebíye.

Ọmọ tiwa náà wà nínú iṣẹ́ sẹ́ńsọ̀ yìí. Èkó ni wọ́n bí Ọmọwùnmí Sadik sí ní 1964. Yunifásítì Èkó ló ti ka kẹ́mísírì, kó tó lọ gboyè ọ̀mọ̀wé ní Wollongong ní Ọsirélíà ní 1994. Ní Amẹ́ríkà, ó di ọ̀jọ̀gbọ́n tó ń ṣe sẹ́ńsọ̀ tó lè tú àṣírí oògùn olóró àti bọ́ǹbù bí èyí tó kù ò tilẹ̀ tó nǹkan. Ní 2012, òun àti Barbara Karn dá ẹgbẹ́ kan sílẹ̀ kí iṣẹ́ nánò, ìyẹn iṣẹ́ lórí àwọn ohun tó kéré jọjọ bíi graphene, má bàa ba ayé jẹ́.

Ẹ jẹ́ ká sún mọ́lé. FUTA, yunifásítì ìmọ̀ ẹ̀rọ ní Àkúrẹ́, tí ọkọ̀ Ìkẹ́rẹ́ kì í pẹ́ débẹ̀, lọ́wọ́ nínú NigeriaEduSat-1, sátẹ́láìtì tí ìbú, òró àti gíga rẹ̀ kò ju sẹ̀ǹtímítà 10 lọ, tó gbéra ní oṣù kẹfà ọdún 2017. Kyushu Institute of Technology ní Japan ni wọ́n ti kọ́ ọ, wọ́n sì dán an wò kó tó lọ. Ọmọ wa lo ọpọlọ rẹ̀, ṣùgbọ́n ilé onílé ló ti rí ẹ̀rọ lò.

Ọpọlọ ò wọ́n wa ní Èkìtì, pẹ́ńsùlù ò sì wọ́n wa. Yàrá ìwádìí tí iná kì í kú níbẹ̀ ló wọ́n wa, àti ẹ̀rọ tó ń fi ohun tí ojú lásán ò rí hàn. Kọ́lẹ́ẹ̀jì Ìkẹ́rẹ́ di yunifásítì ní 2020, wọ́n sì fi ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì àti ìmọ̀ ẹ̀rọ kún orúkọ rẹ̀. Ó yẹ kí ìjọba àti àwa ọmọ ìlú, nílé lóko, dáwó jọ kí irú yàrá bẹ́ẹ̀ wà níbẹ̀, kí àwọn ọmọ Ìsẹ̀ àti Èmùré náà lè máa wọlé síbẹ̀. Ọwọ́ ara ẹni la fi ń tún ìwà ara ẹni ṣe. Mi ò ní bá ẹnikẹ́ni bú ọmọ tó lọ. Bí a bá fẹ́ kó dúró, ká ra irinṣẹ́ fún un.