Ojú Lọ̀rọ̀ Wà

Ọdún kejì mi ní yunifásítì ni ọ̀rọ̀ yìí ṣẹlẹ̀, nílé tí a háyà ní Agége. Obìnrin kan ń gbé ní yàrá tó kángun sí tiwa. Àǹtí ni mo máa ń pè é. Ọmọ rẹ̀ ọkùnrin, ọmọ ọdún mẹ́jọ, kì í gbọ́rọ̀; ọwọ́ ló fi ń sọ̀rọ̀. "A kì í bí irú èyí nílé wa," ni ọkọ rẹ̀ máa ń wí. Nígbà tó yá, èébú di ìgbájú, ìgbájú di bẹ́líìtì.

Ní alẹ́ ọjọ́ Sátidé kan, Bàbá Onílé pe tọkọtaya náà jókòó. Ọkọ ní ìyàwó òun yọ̀ ṣubú nídìí ẹ̀rọ omi ni ojú rẹ̀ fi wú. Àǹtí kò fèsì. Ni ọmọ náà bá bọ́ sáàárín. Ó nàka sí bàbá rẹ̀, ó gbá ara rẹ̀ lójú, ó tún nàka sí ẹ̀yìn ilẹ̀kùn tí bẹ́líìtì wà. Ọ̀kan nínú àwọn àgbà ní, "Ẹ mú ọmọ yìí wọlé, kò mọ ohun tí à ń sọ." Èmi ni mo dìde, èmi ni mo fà á lọ́wọ́ wọlé. Wọ́n wá bẹ Àǹtí pé kó fara dà á nítorí ọmọ.

Ní sẹ̀mẹ́sítà yẹn gan-an, mo ti kọ ọ́ nínú ìdánwò pé èdè gidi ni èdè adití, pé ó ní gírámà tirẹ̀ bíi Yorùbá. Mo gba máàkì lórí rẹ̀. Àmọ́ nígbà tí ẹni tó ń sọ ọ́ dúró níwájú mi tó ń jẹ́rìí, mo mú un kúrò níbẹ̀.

Mo bi Àǹtí lẹ́yìn náà pé kí ló dé tí wọn ò padà sọ́dọ̀ àwọn èèyàn wọn. Wọ́n ní, "Ilé-ìwé tí wọ́n ti ń fọwọ́ sọ̀rọ̀, ìhín ló wà. Tí mo bá gbé e lọ sílé, ta ni yóò máa bá a sọ̀rọ̀?"

Òfin wà o. Òfin ìpínlẹ̀ Èkó ti ọdún 2007 gbà kí olùkọ́, nọ́ọ̀sì tàbí ẹni tí ọ̀rọ̀ náà kàn bá irú ìyá bẹ́ẹ̀ tọrọ àṣẹ ààbò nílé ẹjọ́, bó bá ti fọwọ́ sí i. Òfin ìjọba àpapọ̀ ti ọdún 2015 ka fífi owó oúnjẹ du ìyàwó àti lílé e jáde nílé mọ́ ìwà ipá. Ṣùgbọ́n bí kò bá sí ògbufọ̀ lọ́dọ̀ ẹni tó ń gba ẹjọ́ sílẹ̀, ẹnu ọ̀nà ni ẹ̀rí ọmọ adití yóò parí sí.

Nígbà tí Àǹtí gbà láti lọ fẹjọ́ sùn, olùkọ́ ọmọ náà tẹ̀ lé wa, ó ń túmọ̀. Ọmọ yẹn rò ó láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin, kò fo ọjọ́ kan. Yàrá kan lẹ́bàá ilé-ìwé ni òun àti ìyá rẹ̀ ń gbé báyìí.

Mo ní kí olùkọ́ náà kọ́ mi ní gbólóhùn kan péré kí n tó lọ: "Kí ló ṣẹlẹ̀?" Ó yẹ kí n ti bi í lálẹ́ Sátidé yẹn.