Kókó Rírọ̀ Abẹ́ Etí

Inú ike tí wọ́n da fọ́málínì sí ni wọ́n ti ń gbé kókó tí wọ́n bá gé lára ènìyàn wá sí iyàrá àyẹ̀wò wa. Kí n tó ṣí ike, mo máa ń gbé e sókè wò. Ẹran ara a máa rì sí ìsàlẹ̀. Ọ̀rá kì í rì. Á léfòó bí ìgbà tí epo bá dà sínú àwo omi, àwọ̀ rẹ̀ á dà bí ti ìyeyè tó ṣẹ̀ṣẹ̀ pọ́n, bí a bá sì fẹ́ fi ọwọ́ mú un, á máa yọ̀ bọ̀rọ́ mọ́ni lọ́wọ́.

Lọ́jọ́ kan, èyí tó léfòó báyìí, wọ́n kọ ọ́ sára ike rẹ̀ pé inú orísun itọ́ abẹ́ etí ọ̀tún ni wọ́n ti yọ ọ́. Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo ka ìwé náà. Kókó ọ̀rá tó wà ní èjìká, ní ẹ̀yìn ọrùn, ní apá, ojoojúmọ́ là ń rí i. Ti inú orísun itọ́ ṣọ̀wọ́n. Ọjọ́ yẹn ni mo bẹ̀rẹ̀ sí í kọ àwọn nǹkan wọ̀nyí sílẹ̀.

*

Ẹ fi ahọ́n kan inú ẹ̀rẹ̀kẹ́ yín, lápá òkè, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìkejì nínú àwọn eyín ńlá tí a fi ń rún oúnjẹ. Ẹ óò bá nǹkan bíńtín kan tó yọ sóde, kò tó orí ìṣáná. Ẹnu ọ̀nà tí itọ́ ń gbà wọ ẹnu láti abẹ́ etí nìyẹn. Bí ẹnì kan bá gé ọsàn wẹ́wẹ́ lójú yín báyìí, kí ẹ tó tọ́ ọ wò rárá, itọ́ ti ń sun níbẹ̀.

Ọmọ Denmark kan tó ń jẹ́ Niels Stensen ló rí ọ̀nà yìí lọ́dún 1660, ní Amsterdam. Ọmọ ọdún 22 ni. Ó ra orí àgùntàn, ó ń fi irin tẹ́ẹ́rẹ́ tọ àwọn iṣan inú rẹ̀, ni irin bá ṣàdédé wọ ibi tó gbòòrò, ló bá gbọ́ tí ó kan eyín. Ìró kékeré yẹn ló mú un dúró. Nígbẹ̀yìn ayé rẹ̀ ó di bíṣọ́ọ̀bù Kátólíìkì, Póòpù John Paul Kejì sì kéde rẹ̀ ní ẹni alábùkún lọ́dún 1988. Láti ìgbà tí mo ti gbọ́ ìtàn yìí, bí wọ́n bá ń yan orí àgbò Iléyá, òun ni mo máa ń rántí.

*

Mẹ́ta ni orísun itọ́ ńlá ní ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan: ọ̀kan níwájú etí tó sọ̀ kalẹ̀ dé abẹ́ rẹ̀, ọ̀kan lábẹ́ egungun àgbọ̀n, ọ̀kan lábẹ́ ahọ́n. Àwọn kéékèèké tó fọ́n káàkiri ẹnu lé ní 600. Itọ́ tí gbogbo wọn ń sun lójúmọ́ lè bẹ̀rẹ̀ láti ìdajì lítà títí dé lítà kan àtààbọ̀.

*

Bí nǹkan bá ti wú lábẹ́ etí, ṣegede ni àwọn ará ilé máa kọ́kọ́ pè é. Ṣegede ní ìwà tirẹ̀: ó ń yá wọlé, ó ń mú ara gbóná, ó ń dunni bí a bá ń jẹun, kì í sì í pẹ́ tó ọ̀sẹ̀ méjì kó tó lọ. Kókó ọ̀rá kò ní kánjú. Ó lè lo ọdún mẹ́ta, ó lè lo mẹ́wàá, kó máa tóbi díẹ̀díẹ̀, kó má dunni, kó má gbóná. Ọkùnrin tó ti lé ní ogójì ọdún ló sábà máa ń mú. Nígbà mìíràn, ẹni tó ń gẹrun fún un ló máa kọ́kọ́ sọ fún un pé etí rẹ̀ kan ti yọ síta ju èkejì lọ.

*

Ìyá kan ń ta ẹ̀kọ lẹ́bàá ibi iṣẹ́ wa. Kókó wà lábẹ́ etí òsì rẹ̀, ó fi gèlè bò ó.

Mo ní, “Màmá, ẹ jẹ́ kí wọ́n bá yín wo nǹkan yìí.”

“Ọmọ mi, kò dùn mí. Ó ti tó ọdún mẹ́fà. Kí ni mo fẹ́ lọ wí fún dókítà?”

“Ẹ sọ fún wọn pé kò dùn yín, ṣùgbọ́n kò lọ.”

Ó lọ. Kì í ṣe ọ̀rá. Irú kókó mìíràn ni, èyí tó wọ́pọ̀ jù níbẹ̀, tí kì í pani lára lónìí, ṣùgbọ́n tó lè yí padà di jẹjẹrẹ bí a bá fi í sílẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún. Wọ́n yọ ọ́, ara rẹ̀ ti yá. Mo ti fọwọ́ kan kókó yẹn tẹ́lẹ̀, mo sì rò nínú mi pé ó rọ̀. Ọwọ́ lásán kò lè dá wọn mọ̀.

*

Ìṣirò kan wà tí wọ́n fi ń kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ìṣègùn: nínú 100 kókó orísun itọ́, nǹkan bí 80 ló wà níwájú etí, nínú 100 tó wà níbẹ̀, nǹkan bí 80 ni kò ní jẹjẹrẹ nínú. Èyí tó jẹ́ ọ̀rá láàárín wọn kò tó márùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún níbi tó pọ̀ dé. Ní ibòmíràn kò tó ẹyọ kan.

*

Ẹ̀rọ MRI, tó ń ya àwòrán inú ara, ló mọ ọ̀rá jù. Nínú àwòrán kan á tàn yòò. Bí wọ́n bá wá yí ẹ̀rọ náà sí èyí tó ń pa ìmọ́lẹ̀ ọ̀rá, kókó á ṣú lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Ohun tó tàn báyẹn tó sì ṣú báyẹn, kò sí iyèméjì nínú rẹ̀ mọ́. Abẹ́rẹ́ tí wọ́n fi ń fa nǹkan jáde máa ń ṣini lọ́nà níbí, nítorí ọ̀rá ti wà nínú orísun itọ́ abẹ́ etí tẹ́lẹ̀, ó sì ń pọ̀ sí i bí a ti ń dàgbà. Ta ni yóò mọ̀ bóyá inú kókó ni abẹ́rẹ́ ti fa tirẹ̀ tàbí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀?

*

Lábẹ́ máíkírósíkóòpù, ọ̀rá kì í sí níbẹ̀ mọ́. Kí a tó lè gé ẹran ara pẹlẹbẹ, a ó ti rẹ ẹ́ sínú ọtí líle àti sáílíìnì (xylene), àwọn wọ̀nyí sì ti yọ́ ọ̀rá dànù. Ohun tó kù ni ògiri: yàrá funfun lẹ́gbẹ̀ẹ́ yàrá funfun, kò sẹ́nì kankan nínú wọn, àfi kóró dúdú kan tó fara ti ògiri níhà kan. Awọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ kan sì yí gbogbo rẹ̀ ká. Awọ yẹn ni mo ń wá. Bí kò bá sí, ọ̀rá lásán ló kún orísun itọ́, bí a ti ń rí i lára àwọn kan tó ní ìtọ̀ ṣúgà tàbí tó ń mutí gan-an.

Nígbà mìíràn, àárín àwọn yàrá òfìfo yìí ni a ti ń bá orísun itọ́ wẹ́wẹ́, wọ́n wà létòlétò bí ẹni pé kò sí ohun tó ṣẹlẹ̀. Ọdún 2001 ni Nagao àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Japan kó méje irú rẹ̀ jọ, tí wọ́n sì fún un ní orúkọ tirẹ̀, sialolipoma.

*

Ẹ gbé ọwọ́ ọ̀tún lé ẹ̀gbẹ́ ojú ọ̀tún, kí ọrùn ọwọ́ wà níwájú etí, kí ẹ wá ya ìka márààrún. Àtàǹpàkò á kọjú sí iwájú orí, ìka tó tẹ̀ lé e á dé ẹ̀bá ojú, ìkẹta á gba ẹ̀rẹ̀kẹ́, ìkẹrin á tọ egungun àgbọ̀n, èyí tó kéré jù á sọ̀ kalẹ̀ sí ọrùn. Bí ẹ̀ka márùn-ún iṣan tó ń darí ojú ṣe pín nìyẹn, inú orísun itọ́ yìí gan-an ló sì ti ń pín.

Ìdí rẹ̀ nìyí tí kókó tí a lè yọ láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀ ní èjìká fi ń gba wákàtí níbí. Oníṣẹ́ abẹ á kọ́kọ́ wá ìdí iṣan náà rí, á wá máa tọ ẹ̀ka kọ̀ọ̀kan pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Bí ó bá gé ọ̀kan, ojú lè má pa dé mọ́, kódà lójú oorun. Omi á máa jò létí ẹnu. Ẹnu á wọ́ sí ẹ̀gbẹ́ kejì. Ẹni tí ojú rẹ̀ kò lè rẹ́rìn-ín mọ́, àwọn ará ilé rẹ̀ á máa rò pé ó ń bínú. Ìpalára tó tóbi ni.

*

Lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ, ẹ̀rẹ̀kẹ́ àwọn kan a máa làágùn bí wọ́n bá ń jẹun. Fọ́nrán iṣan tó ń pàṣẹ fún itọ́ ló ṣìnà nígbà tó ń hù padà, tó lọ so mọ́ orísun òógùn. Łucja Frey, dókítà obìnrin ní Poland, ló ṣàlàyé rẹ̀ lọ́dún 1923. Júù ni. Lwów ló kú sí lọ́dún 1942, nígbà tí àwọn Násì há àwọn Júù mọ́ gẹ́tò tí wọ́n sì ń pa wọ́n. Orúkọ rẹ̀ ni a fi ń pe àìsàn náà títí dòní, ó sì yẹ kí ẹni tó ń kọ ọ́ sínú ìwé mọ ẹni tó jẹ́.

*

Kókó ọ̀rá tí MRI ti fi hàn gbangba, tó kéré, tí kò yọ olúwa rẹ̀ lẹ́nu, dókítà lè ní kí wọ́n máa ṣọ́ ọ, mo sì fara mọ́ ọn. Èyí tí mi ò fara mọ́ ni kí a ní kí ẹni tó mọ gbẹ́rẹ́ sín gé e wò nílé. Bí kókó bá wà lábẹ́ etí yín ju ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lọ, bó ti wù kó rọ̀ tó, ẹ lọ bá dókítà etí, imú àti ọ̀fun. Bí ó bá le, bí ó bá yá dàgbà, tàbí tí ojú bá bẹ̀rẹ̀ sí í wọ́, ẹ jọ̀wọ́, ẹ lọ lọ́sẹ̀ yìí gan-an.