Omi Tí Ó Mọ́ Gaara

Àwọn àgbà wí pé omi kò l'ọ́tàá. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n omi fúnra rẹ̀ lè di ọ̀tá fún ẹ̀dá tí ó fi í ṣe ilé. Ẹni tí ó bá ń sin edé nínú àpótí gíláàsì kì í pẹ́ mọ èyí.

Edé pupa kékeré kan wà tí àwọn onímọ̀ ń pè ní Neocaridina davidi. Ìlà-oòrùn Éṣíà ni orírun rẹ̀. Inú omi tí kò níyọ̀ ni ó ń gbé, gígùn rẹ̀ kò sì ju nǹkan bí sẹ̀ǹtímítà 3 lọ. Kì í jà, oúnjẹ rẹ̀ kò tó nǹkan, ó sì yẹ fún kíláàsì. Síbẹ̀, olùkọ́ tí ó bá pọn omi lónìí, tí ó sì da edé sínú rẹ̀ lọ́la, lè bá gbogbo wọn ní òkú kí ọ̀sẹ̀ tó yí po, bí omi náà tilẹ̀ mọ́ tó bẹ́ẹ̀ tí a fi lè ka ìwé láti òdìkejì rẹ̀. Nígbà náà ni wọn yóò máa di ẹ̀bi ru ẹni tí ó ta edé, tàbí ọmọ tí ó fún wọn ní oúnjẹ.

Ohun tí ó pa wọ́n kò hàn sí ojú. Ìgbẹ́ edé àti oúnjẹ tí ó ṣẹ́kù a máa jẹrà, a sì di amóníà, tí í ṣe májèlé. Àwọn bakitéríà kan ni ó ń sọ amóníà di náítíráìtì, tí òun náà ń pani. Àwọn mìíràn a sì sọ ìyẹn di náítíréètì, tí oró rẹ̀ kéré. Nínú àpótí titun, ó sábà máa ń gba ọ̀sẹ̀ 4 sí 6 kí àwọn bakitéríà wọ̀nyí tó pọ̀ tó. Sùúrù ni ó yẹ nígbà náà. Ìdánwò ni yóò sì sọ ìgbà tí sùúrù tó.

Ìdánwò náà kò ṣòro. A ó bu omi díẹ̀ sínú ìgò tẹ́ẹ́rẹ́, a ó kán òògùn ìdánwò sí i, a ó sì fi àwọ̀ rẹ̀ wé àwọ̀ ara páálí. Amóníà àti náítíráìtì gbọ́dọ̀ jẹ́ 0. Ó dára kí náítíréètì má ju mílígíráàmù 20 lọ nínú lítà kan. Kí pH, òṣùwọ̀n kíkan omi tí Sørensen ará Dẹ́ńmáàkì gbé kalẹ̀ ní 1909, wà láàárín 6.5 sí 8. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe fojú kékeré wo ìyàtọ̀ 1: bí pH bá ti 7 gòkè dé 8, ìpín amóníà tí ó lóró a fẹ́rẹ̀ẹ́ di ìlọ́po 10.

Ibi tí omi ti wá ṣe pàtàkì pẹ̀lú. Kálísíọ̀mù inú omi òjò kò tó, bẹ́ẹ̀ ni edé nílò rẹ̀ kí èèpo titun lè le lẹ́yìn tí ó bá bọ́ ti àtijọ́ sílẹ̀. Omi ẹ̀rọ lè ní kílórínì, ó sì lè ru bàbà láti inú páìpù. Bàbà díẹ̀ tí kò ṣe ènìyàn ní nǹkan a máa pa edé.

Èrè rẹ̀ fún ilé-ẹ̀kọ́ kò mọ sí edé nìkan. Ọmọ tí ó ń kọ iye tí ó rí sílẹ̀ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ yóò kọ́ láti wá ìdí ọ̀ràn kí ó tó wá ẹni tí yóò dá lẹ́bi. Ní ọjọ́ kan, yóò béèrè nípa kànga ilé wọn: bí mímọ́ tí ojú rí kò bá tó fún edé, ṣé ó tó fún ènìyàn? Òògùn ìdánwò edé kò lè dáhùn, nítorí kì í fi kòkòrò àrùn hàn. Ṣùgbọ́n ọmọ tí ó ti béèrè kò ní gba ojú rẹ̀ nìkan gbọ́ mọ́.