Gbọ́ Orin Taiwo àti Kehinde Lijadu

Àbẹ̀kẹ́ mi, ọmọ dáadáa,

Màmá rẹ sọ fún mi pé o ti ń lọ sí sítúdíò, pé àwọn kan fẹ́ gbé orin rẹ jáde. Inú mi dùn gan-an. Ẹ̀rù sì ń bà mí, mi ò ní fi pa mọ́ fún ọ.

Àwọn ìbejì kan wà tí mo fẹ́ kí o mọ̀: Taiwo àti Kehinde Lijadu. Jos ni wọ́n bí wọn sí ní 1948, Ìbàdàn ni wọ́n gbé dàgbà. Ẹbí Fela ni wọ́n. Ẹ̀yin ọmọ ìsinsìnyí mọ Fela dáadáa, ẹ ò mọ àwọn obìnrin yìí, ó sì ń dùn mí.

Nígbà tó jẹ́ pé ègbè ni wọ́n sábà ń fún obìnrin gbé, àwọn méjèèjì ló ń lé orin fúnra wọn. Láàárín 1976 sí 1979, wọ́n ṣe àwo mẹ́rin fún ilé-iṣẹ́ àwo Afrodisia: Danger, Mother Africa, Sunshine àti Horizon Unlimited. Biddy Wright wà pẹ̀lú wọn nídìí ohun èlò. Fetí sí Danger, ọkọ mi. Ohùn wọn wọnú ara wọn débi pé o ò ní mọ ti Taiwo yàtọ̀ sí ti Kehinde.

Lẹ́yìn náà, wọ́n kó lọ sí Amẹ́ríkà, wọ́n ń gbé ní Brooklyn. Ní 1996 Kehinde ṣubú lórí àtẹ̀gùn, ọ̀pá ẹ̀yìn rẹ̀ ṣèṣe. A ò gbúròó wọn mọ́.

Nígbà tí àwọn àwo náà ti lé ní ọgbọ̀n ọdún, wọ́n tún bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ̀ wọ́n jáde lókè òkun. Ní 2014 àwọn méjèèjì padà sórí ìtàgé. Kehinde kú ní 2019.

Ohun tó ń já mi láyà nìyí, Àbẹ̀kẹ́: orin tí o kọ lónìí lè sùn títí, kó tún jí nígbà tí irun rẹ bá ti funfun. Ta ni yóò gba owó rẹ̀ nígbà náà? Ẹni tí ìwé bá dárúkọ ni.

Fọkàn balẹ̀, mi ò ní kí o má kọrin. Ohùn rẹ dára, mo sì wà lẹ́yìn rẹ. Ṣùgbọ́n jọ̀ọ́, má fọwọ́ sí ìwé àdéhùn kankan láìjẹ́ pé agbẹjọ́rò kà á. Fi ẹ̀dà rẹ̀ ránṣẹ́ sí mi kí ọ̀sẹ̀ yìí tó parí.

Èmi ni,
Àǹtí rẹ, ẹ̀gbọ́n màmá rẹ.